Bí iná bá kú nínú bàálù, kí ni awakọ̀ yóò wò?

Ní Gouka, bí bátìrì ìwọ̀n tí a fi ń wọn káṣú bá kú, ọjà dúró díẹ̀ ni. Lójú òfuurufú, ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.

Àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn to bàálù kékeré ti ń fi síkírínì kan ṣoṣo rọ́pò àwọn aago alábẹ́rẹ́ àtijọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa: Air Beetle tí wọ́n tò ní Kaduna fún ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà, láti ara RV-6A ti Amẹ́ríkà ni, bàálù tí èèyàn lè rà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà kó tò ó nílé.

Síkírínì dára, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń sọ. Lọ́jọ́ 1 oṣù kẹfà 2009, yìnyín dí ọ̀pá tó ń wọn eré bàálù Air France kan tó ń ti Brazil lọ sí Paris. Eré tó hàn di irọ́, ọkàn àwọn awakọ̀ dàrú, èèyàn 228 kú.

Ní 2010, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà yẹ bàálù kékeré tó lé ní 8,000 wò, èyí tí iléeṣẹ́ ṣe. Ìjàǹbá àwọn onísíkírínì kò tó ti àwọn alábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń pààyàn pọ̀ láàárín wọn jù. Àjọ náà ní kí awakọ̀ kọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀ dunjú.

Nítorí náà, bátìrì kejì àti aago eré tí kò lo iná kì í ṣe fàájì. Ọmọ wa tó bá fẹ́ wọ irú bàálù bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ bi awakọ̀: “Bí iná bá kú, kí lẹ máa wò?”