Ariwo Kọ́ Ni Agbára: Èsì fún Àwọn Tó Ń Fi Ẹ́ńjìnnì Plásímà Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí iná rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń bù yẹ̀rì tó, tí ariwo rẹ̀ sì ń mi ilẹ̀ tìtì tó, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára rẹ̀ ṣe tó. Bí wọ́n bá wá gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì kan wà tó ń fi iná mànàmáná àti òòfà ti ọkọ̀ lójú òfurufú, tí ipá rẹ̀ kò ju ìwúwo ìwé pélébé kan tàbí méjì lọ, wọn a ní ohun ìṣeré ni. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé láti 1971 ni Soviet ti gbé irú rẹ̀ lọ sókè lára sátẹ́láìtì Meteor, àti pé òun náà ló ń ti àwọn sátẹ́láìtì Starlink tí ará Nàìjíríà ti ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wọn láti 2023. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí wọn gan-an ni ohun tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ń gbà kọjá.

Ohun tó ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ ni ohun tó ń tú sẹ́yìn, bí ohun náà bá sì ṣe yára tó ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe lè ṣiṣẹ́ tó. Háídírójìn àti ọ́síjìn, tó wà lára èyí tó dára jù nínú epo tó ń jó, kì í tú jáde ju nǹkan bíi 4.5 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí pé inú epo yẹn náà ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Plásímà kò ní ìdènà yìí. Gáàsì tí a ti já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù rẹ̀ ni, ìyẹn ló fi ń gbọ́ràn sí iná mànàmáná àti òòfà lẹ́nu. Nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Hall, òòfà á há ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ ojú kan, wọn á máa pòyì níbẹ̀, wọn á máa kọ lu gáàsì tó ń wọlé, iná mànàmáná á sì ta àwọn átọ́ọ̀mù tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde ní 15 sí 20 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Dawn, tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, kọjá 30.

Dawn yìí ni ká wò dáadáa. NASA rán an jáde ní oṣù kẹsàn-án 2007 pẹ̀lú 425 kìlógíráàmù gáàsì xenon. Ó dé ohun ojú ọ̀run tó ń jẹ́ Vesta ní 2011, ó yí i po fún ọdún kan ó lé, ó kúrò níbẹ̀, ó sì lọ ń yí òmíràn tó ń jẹ́ Ceres po ní 2015. Kò sí ọkọ̀ tó yí irú ohun ojú ọ̀run méjì bẹ́ẹ̀ po ṣáájú rẹ̀. Gbogbo eré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún un jẹ́ nǹkan bí 11.5 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí a bá fi ìṣirò tí Konstantin Tsiolkovsky tẹ̀ jáde ní 1903 wò ó, epo tó ń jó tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 tọ́ọ̀nù kó tó ṣe iṣẹ́ kan náà, láìka ìwúwo àgbá tí yóò gbé epo náà. Dawn tòun ti gáàsì inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 1.2 tọ́ọ̀nù.

Ẹnìkan á ní ẹ́ńjìnnì plásímà kò lè gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, rọ́kẹ́ẹ̀tì oníná ló gbé Dawn kúrò ní Florida, kò sì sẹ́ni tó ní kí plásímà gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Wọ́n á ní ó lọ́ra. Òótọ́ ni pé ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì náà fi ń ti Dawn kí eré rẹ̀ tó fi nǹkan bíi 96 kìlómítà ní wákàtí kan lékún. Ṣùgbọ́n lójú òfurufú lọ́hùn-ún, kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ti ọ̀la á sì máa kún eré tó bá kó jọ lónìí. Iná rọ́kẹ́ẹ̀tì á jó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó tán. Ẹ́ńjìnnì Dawn ṣiṣẹ́ fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́fà lápapọ̀.

Àtakò tó ní eegun nínú ni ti iná mànàmáná. Nítòsí ayé, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn Dawn lè pèsè 10 kìlówáàtì. Nídìí Ceres, ó ti já sí 1.3. Ẹ́ńjìnnì plásímà VASIMR, iṣẹ́ Franklin Chang-Díaz, ọmọ Costa Rica tó ti gun òfurufú nígbà méje, gba 200 kìlówáàtì ní 2009, àmọ́ nílẹ̀ níbí, nínú yàrá ìdánwò, ni. Ìrìn àjò ọjọ́ 39 sí Máàsì tí wọ́n ń ròyìn yóò nílò nǹkan bí ìlọ́po 1,000 rẹ̀. Ará Nàìjíríà mọ̀ pé kíka mẹ́gáwáàtì lẹ́nu kọ́ ni rírí i. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì plásímà jà, kó wá bá wa lórí ọ̀rọ̀ iná yìí. Ti pé kò lágbára, ẹjọ́ yẹn ti tán.