Yàrá Amusìgá Kò Dáàbò Bo Òṣìṣẹ́



Ó ti di àṣà àwọn onílé ìtura àti onílé ọtí láti máa sọ pé, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn amusìgá, tí wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ amúlétutù síbẹ̀, èéfín kò lè pa ẹnikẹ́ni lára mọ́ àfi ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣáná sí sìgá. Oníbàárà nìkan ni àwíjàre yìí rò. Kò ka ẹni tó ń gbé ọtí wọ yàrá náà, tó ń da eérú sìgá nù, tó sì ń nu tábìlì ibẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òru mọ́ ènìyàn.

Èéfín tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fà símú jẹ́ àdàpọ̀ èyí tí amusìgá tú jáde lẹ́nu àti èyí tó ń rú láti ara sìgá tó ń jó lọ́wọ́. Kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀ lé ní 7,000, nǹkan bíi 70 nínú wọn ló sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ìròyìn tí ọ̀gá àgbà oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2006 là á mọ́lẹ̀ pé kò sí ìwọ̀n èéfín yìí tí kò léwu, bó ti wù kó kéré tó, àti pé yíya amusìgá sọ́tọ̀ tàbí fífẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ilé kò lè mú ewu náà kúrò. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni láti mú yàrá tutù. Kì í yọ májèlé.

Ní Ottawa, lórílẹ̀-èdè Kánádà, Heather Crowe fi nǹkan bí ogójì ọdún gbé oúnjẹ fún oníbàárà láìmu sìgá rí, síbẹ̀ ní 2002 àwọn dókítà rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lára rẹ̀. Àjọ tó ń san owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ gbà pé ẹnu iṣẹ́ ló ti kó o, ó sì kú ní 2006.

Ti ṣíṣà, ìyẹn tábà tí wọ́n ń fi èédú jó, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá fa èéfín rẹ̀ gba inú omi, èyí tó gbòde ní Èkó àti Ìbàdàn, tún burú sí i, nítorí pé òṣìṣẹ́ ló ń fi ẹ̀mú gbé èédú tó pọ́n, òun ló ń fẹ́ ẹ, nígbà mìíràn òun náà ni yóò kọ́kọ́ fa ọ̀pá rẹ̀ kó tó gbé e fún oníbàárà. Èédú yẹn ń tú carbon monoxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tó máa ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí tábà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015, ṣiṣẹ́ ribiribi, ṣùgbọ́n ó fàyè sílẹ̀ fún ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún sìgá mímu, bẹ́ẹ̀ ìlànà tó tẹ̀ lé àdéhùn àgbáyé lórí tábà, àdéhùn tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní 2005, ti sọ láti 2007 pé irú yàrá bẹ́ẹ̀ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ní kí òṣìṣẹ́ tí kò bá fẹ́ èéfín lọ wá iṣẹ́ mìíràn, bí ẹni pé iṣẹ́ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ní ti ìbẹ̀rù pé irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò pa ilé ọtí run, ilẹ̀ Ireland fòfin de sìgá ní gbogbo ibi iṣẹ́ tó wà nínú ilé, títí kan ilé ọtí, ní March 2004, ilé ọtí wọn kò sì parẹ́.

Kí àwọn aṣòfin yọ àyè yàrá amusìgá kúrò nínú òfin náà, kí wọ́n dárúkọ ṣíṣà níbẹ̀ kedere, kí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìtura sì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nígbà tí wọ́n bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́.