Ojú irin Pobẹ̀ ń retí ẹni tí yóò sọ ìtàn rẹ̀

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú, tí ètè bá ń là, ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ lọ sí Sákẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀ kì í sinmi mọ́. Ọmọ onílé ń ti Kútọnu bọ̀. Òmíràn ń ti Èkó àti Abẹ́òkúta gba ẹnubodè wọlé. Àwọn mìíràn sì ń ti ilẹ̀ Faransé bọ̀ tàwọn ti àpótí ńláńlá. Ọdún Kérésìmesì àti ọdún tuntun ló ń kó wọn bọ̀ wálé. Wọn yóò kí bàbá àti ìyá, wọn yóò ṣe ẹ̀yìn àgbà tó ti ń dúró de owó, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, wọn yóò sì jó. Bí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ọdún tuntun bá ti parí, oníkálukú yóò tún di ẹrù rẹ̀, yóò sì padà síbi tó ti wá.

Nínú gbogbo àlọ àti àbọ̀ yìí, ohun kan wà tí wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í dúró wò. Ohun náà ni ipa ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, tó ti Kútọnu gba Àjàṣẹ́ àti Sákẹ́tẹ́ dé Pobẹ̀, kìlómítà 107. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá gbẹ̀yìn. Bí ọmọdé bá béèrè pé kí ni èyí, ìdáhùn tó sábà ń gbà ni pé ọkọ̀ ojú irin àwọn òyìnbó ló ń gba ibẹ̀ láyé àtijọ́. Ìtàn parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kó parí síbẹ̀, nítorí kì í ṣe èjìká òyìnbó ló ru irin náà.

Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ti ń kọ́ bí a ti ń fi àkókò ọdún wo ìtàn. Láti 2024 ni Vodun Days ti ń kó èrò lọ sí Wídà nínú oṣù kìn-ín-ní, níbi tí Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ dúró sí létí òkun. Àgbómẹ̀ ní ààfin àwọn ọba rẹ̀, Àjàṣẹ́ ní ààfin Honmè. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé dá ohun ìṣúra 26 padà ní oṣù kọkànlá 2021, tí wọ́n sì pàtẹ wọn ní Kútọnu ní ọdún tó tẹ̀lé e, tọmọdé tàgbà ló lọ wò wọ́n. Láti 2022 kan náà ni ère Bio Guéra ti gun ẹṣin dúró ní Kútọnu, akọni ìhà àríwá tó bá àwọn Faransé jà títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀ ní oṣù kejìlá 1916. Gbogbo èyí dára, ó sì yẹ.

Ṣùgbọ́n ọmọ Sákẹ́tẹ́ tó ti ya fọ́tò níwájú ère Bio Guéra, ǹjẹ́ ó mọ̀ pé ìlú bàbá tirẹ̀ ti dìde sí àwọn Faransé ní 1905, ọdún 11 kí Bio Guéra tó kú? Ọmọ Pobẹ̀ tó mọ orúkọ àwọn ọba Àgbómẹ̀ láti orí dé ìdí, ǹjẹ́ ẹnì kan ti sọ fún un pé àwọn Ọ̀họ̀rí, tí Faransé ń pè ní Holli, tí wọn kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, bá ìjọba amúnisìn fa wàhálà láti 1914 títí di 1916? Ilé ìwé lè kọ́ ọ ní díẹ̀. Àmọ́ ìtàn tí ènìyàn gbọ́ ní ibi tó ti ṣẹlẹ̀, lẹ́nu ọmọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, kò ní ìbejì nínú ìwé.

Kí ló bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí nínú? Owó orí wà níbẹ̀. Láti 1899 ni ìjọba amúnisìn ti ń gbà á ní Dàhómè, àgbẹ̀ tí kò ní ju epo àti èkùrọ́ lọ sì gbọ́dọ̀ wá owó Faransé tí yóò fi san án. Iṣẹ́ àpàpàǹdodo tún wà níbẹ̀: kí ọkùnrin fi oko sílẹ̀ ní àkókò oko, kí ó lọ la ọ̀nà, kí ó ru ẹrù, kí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so aṣọ mọ́ igi, kí wọ́n sì gbé òyìnbó sínú rẹ̀ lé èjìká. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀dọ́ tí wọn yóò fi ṣe sójà. Ọ̀họ̀rí kọ̀. Ilẹ̀ dúdú ẹlẹ́rẹ̀ tó yí wọn ká, tí ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀ lákòókò òjò, bá wọn jà.

Àwọn mìíràn kò gbé ohun ìjà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi dáhùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fohùn ṣọ̀kan láti pín ilẹ̀ yìí láàárín ara wọn, láìbi onílẹ̀. Ààlà náà gba àárín ẹbí kọjá. Nígbà tí owó orí àti iṣẹ́ àpàpàǹdodo wá le koko, ààlà tí òyìnbó fà láti fi pín ẹbí ni ẹbí fi ṣe ibi ààbò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìhà Sákẹ́tẹ́, Pobẹ̀ àti Ọ̀họ̀rí kó ọmọ kó ẹrù, wọ́n sọdá sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀dó sọ́dọ̀ ìbátan.

Ọmọ-ọmọ wọn wà lára àwọn tó ń ti ìhà Nàìjíríà bọ̀ wálé lóṣù kejìlá. Ọ̀nà tí bàbá ńlá gbà sá lọ lóru ni ọmọ ń gbà bọ̀ lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti aṣọ ọdún. Ohun tó dunni ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹbí wà ní ìhà méjèèjì. Wọn kò mọ ohun tó gbé ẹbí dé ìhà méjèèjì.

Ojú irin náà ní ìtàn tirẹ̀. Kì í ṣe nítorí kí ọmọ Pobẹ̀ lè rìnrìn àjò ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Epo àti èkùrọ́ ni wọ́n fẹ́ kó dé etí òkun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobẹ̀, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí lọ́wọ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀. Òtítọ́ ní kí a sọ èyí náà: ìmọ̀ tó wà níbẹ̀ ti di ti onílẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì ń jẹ èrè irúgbìn rẹ̀. Ìtàn tó péye kì í fi oore pamọ́ nítorí pé ó kórìíra ìkà, kì í sì í fi ìkà pamọ́ nítorí pé oore tẹ̀lé e.

Bí ẹnì kan bá wá ní kí ìlú méjèèjì sọ àwọn ibi wọ̀nyí di ibi àbẹ̀wò lákòókò ọdún, ewu kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rí. Ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Williamsburg. Láti 1926 ni wọ́n ti ń tún un kọ́ bó ṣe rí nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ aṣọ ayé ìgbà náà, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ayé ìgbà náà. Bí Kérésìmesì bá dé, wọn a tan fìtílà sí gbogbo ojú fèrèsé, èrò a sì ya wọ ìlú. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nǹkan bí ìdajì àwọn ará ìlú náà ló jẹ́ ènìyàn dúdú, ẹrú sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àlejò ń wá tó ń lọ láìgbọ́ ohun púpọ̀ nípa wọn. Ọdún 1979 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tí yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ẹrú sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣe àfihàn títa ẹrú ní gbangba ní oṣù kẹwàá 1994, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀: àwọn kan ní ẹ̀gàn ni, àwọn kan sunkún, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́ kí wọ́n tó fi í hàn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Fún ọ̀pọ̀ ẹrú ní Amẹ́ríkà, ìsinmi Kérésìmesì kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún tuntun ni wọ́n máa ń yá wọn fún ọ̀gá mìíràn, tí bàbá ń kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Ẹni tó bá tan fìtílà Kérésìmesì tí kò sọ ti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù tó tẹ̀lé e àti ẹkún inú ilé ẹrú, irọ́ ló wọ̀ láṣọ ọdún. Bákan náà ni yóò rí ní Pobẹ̀ bí ẹnì kan bá kàn dé fìlà funfun amúnisìn lórí, tí àwọn ọ̀dọ́ méjì gbé e lé èjìká kí àlejò lè rẹ́rìn-ín. Ohun tó fa omijé lójú bàbá ńlá kò gbọdọ̀ di yẹ̀yẹ́ tí ọmọ-ọmọ ń gba owó ìwọlé lé lórí.

Ó dára pé ìlú méjèèjì kò nílò láti yá ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nílẹ̀. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ọmọ aráyé, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Kí àwọn òyìnbó tó máa ronú nípa bí a ṣe ń fi ìtàn ṣeré, agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń gbẹ́ òyìnbó àti ọlọ́pàá sórí igi, Ẹ̀fẹ̀ sì ń fi orin bá aláṣejù wí lóru láìbẹ̀rù. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀rín ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ìyàtọ̀ náà ni gbogbo ọ̀rọ̀. Èyí kò sì túmọ̀ sí pé kí wọ́n máa pe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ àlejò bá dúró. Ó ní ìgbà tirẹ̀ àti àwọn tó ni í. Ọgbọ́n rẹ̀ ni kí wọ́n yá, kì í ṣe ètùtù rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí àwókù ilé amúnisìn máa wó lọ, pé kò sí ohun tó yẹ ní títọ́jú nínú rẹ̀. Ìbínú wọn yéni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí bá parẹ́, ẹni tó ṣe ibi ni yóò kọ́kọ́ sọ pé òun kò ṣe é. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ: kì í ṣe òyìnbó nìkan ló gba owó orí. Olóyè wà níbẹ̀, ògbufọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ìlú tó ń fi ọmọ ìlú hàn wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń gbé àdúgbò kan náà lónìí. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àgbà ìlú ló ṣètò ìtàn náà, kí wọ́n sọ ohun tí ipò olóyè àti ògbufọ̀ jẹ́ láìna ìka sí ilé ẹnikẹ́ni. Ọmọ kò jẹ gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ bàbá ńlá. Òtítọ́ nìkan ni ó jẹ gbèsè rẹ̀.

Ní ti owó, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò tó iye tí wọ́n ń ná lórí ẹ̀rọ olóhùn gooro lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí àwọn kọmúnù méjèèjì gé koríko tó bo ojú irin níbi tó ṣì hàn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá lọ sọ́dọ̀ àwọn arúgbó, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn Kérésìmesì, kí ọdún tuntun tó dé, nígbà tí onílé àti àlejò ti pé, kí wọ́n ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ ní Sákẹ́tẹ́ àti ọ̀kan ní Pobẹ̀. Kí àwọn èrò fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, kí àgbà sọ ìtàn ní Yorùbá, kí ọ̀dọ́ tún un sọ ní Faransé fún ẹni tí kò gbọ́. Kí ọmọdé gbìyànjú láti gbé irin kan ṣoṣo nílẹ̀, kí ó lè mọ bó ti wúwo tó. Kí wọ́n sì san owó fún ẹni tó sọ ìtàn, torí pé kò yẹ kí ìtàn iṣẹ́ àpàpàǹdodo tún di iṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Àwọn tí a bí nígbà tí iṣẹ́ àpàpàǹdodo ṣì wà lórí ọmọ ènìyàn, kí òfin tó fòpin sí i ní 1946, ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu bàbá wọn kò sí nínú àpótí ìwé kankan. Lọ́dọọdún, àwọn èrò kejìlá ń wálé wá sin díẹ̀ nínú wọn, wọ́n ń náwó lórí òkú, wọ́n sì ń bá ìtàn wọn lọ sí ibojì. Yorùbá ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ṣùgbọ́n àrọ́bá náà nílò ẹnu tí yóò sọ ọ́, ó sì sàn kí wọ́n bi ẹnu náà léèrè nígbà tó ṣì lè dáhùn.