Ẹ Má Tíì Ta Àwọn Kọ̀ǹpútà Wa

Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá ti rí ọ̀rọ̀ "géèmù" nínú ohun tí mo kọ yìí, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, eré nìkan ni wọ́n mọ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ géèmù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ láàbù kọ̀ǹpútà wa ni mo ń bọ̀ wá sọ.

Gbogbo wa la gbọ́ ìkéde tí wọ́n ṣe lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà 14 tó wà nínú láàbù ti gbó, Windows 10 tó wà lórí wọn ti kásẹ̀ ńlẹ̀, wọn ò sì lè gba Windows 11. Wọ́n ní a máa tà wọ́n fún àwọn tó ń ra àlòkù, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sì dá owó ra tuntun. Láti ọjọ́ náà ni àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà láàbù.

Apá kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ òótọ́. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft parí ìtọ́jú tó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 náà ń béèrè ohun kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni kò sì ní in. Ṣùgbọ́n pé Windows kọ kọ̀ǹpútà kan kò sọ pé kọ̀ǹpútà náà ti kú. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé wa.

Màámi máa ń gba àjọ. Laptop tòkunbọ̀ kan wà lọ́wọ́ wọn tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, orí ẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ń dá àjọ sí, àti iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san. Lọ́dún tó kọjá, laptop náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín, la bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n fi Windows míì sí i fún wa ní owó pọ́ọ́kú. A ò mọ̀ pé Windows ayédèrú ni. Kò pé oṣù méjì tí fáírọ́ọ̀sì fi wọlé. Gbogbo fáìlì yí orúkọ padà, ọ̀kan ò ṣí. Orúkọ èèyàn 31 ló wà níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé kékeré tí Màámi ń fi báírò kọ nǹkan sí, òun la fi tún ìṣirò náà tò ní alẹ́ méjì. Síbẹ̀ náà, ẹnì kan dúró lórí ẹ̀ pé òun san ju iye tó wà nínú ìwé lọ. Màámi san án fún un, kí orúkọ wọn má bàa bàjẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹun.

Ìgbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì, ohun tí wọ́n sọ ò gùn rárá: "Má tún gbé e fún ẹnikẹ́ni. Fi Linux sí i."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Bí Windows ṣe ń darí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ náà ni Linux ṣe ń darí ẹ̀. Ọdún 1991 ni Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní yunifásítì ìlú Helsinki ní Finland. Ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe pé a jí i. Wọ́n gbé inú ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti wò, láti tún ṣe, láti fún ẹlòmíì. Ẹ má sì rò pé nǹkan àjèjì ni o. Orí Linux ni Android dúró lé, nítorí náà ẹni tó ní fóònù Android láàárín wa ti ń lo Linux látọjọ́ yìí, kò kàn mọ̀ ni.

Dátà òru ni mo fi gba irú Linux kan tí wọ́n ń pè ní Mint, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó GB 3. Mo gbé e sórí fíláàṣì, mo fi sórí laptop. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń ṣiṣẹ́. LibreOffice ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni Màámi fi ń ṣe ìṣirò àjọ títí dòní.

Ibi tí géèmù ti wọlé nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi fi CD kan sílẹ̀ nílé, Age of Empires II, èyí tó jáde ní 1999. Géèmù ọgbọ́n orí ni. Wọ́n á fún ọ ní àwọn ará abúlé mẹ́ta péré, ẹlẹ́ṣin kan àti gbọ̀ngàn ìlú. Ìwọ lo máa pinnu ẹni tó máa wá oúnjẹ, ẹni tó máa gé igi, ẹni tó máa wa góòlù. Bí o bá gbàgbé láti kọ́ ilé, ìlú ẹ ò ní gba èèyàn mọ́. Bí o bá ná gbogbo igi tán lórí ọmọ ogun, ebi lo máa fi jagun. Àfi bí ìgbà tí Màámi ń pín owó ọjà.

Mo ti CD bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Windows ni wọ́n ṣe géèmù náà fún, Linux ò gbọ́ èdè ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ gba Wine. Ọ̀rọ̀ Wine yìí fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ nílé o. Mò ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé "Wine mi ò ṣiṣẹ́," ni Màámi bá yọ láti kíṣìnnì, "Ọtí wo? Ta ló ń fún ọ lọ́tí?"

Kì í ṣe ọtí. Ògbufọ̀ ni. Ẹ rántí bí àlejò oníwàásù bá wá, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Iṣẹ́ tí Wine ń ṣe nìyẹn. Géèmù á ní, "Windows, bá mi ṣí fáìlì yìí." Wine á gbọ́ ọ, á sọ ọ́ fún Linux ní èdè tí Linux gbọ́, á sì gbé èsì padà fún géèmù bíi pé Windows ló dáhùn. Ó tilẹ̀ ṣe fódà kan tó ń pè ní drive_c, kí géèmù lè rí "C:" tó mọ̀ láti ilé. Géèmù ò mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Àwọn tó ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ó sì di 2008 kí wọ́n tó gbójúgbóyà pe èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1.0. Ọdún 15 gbáko! Láti 2018 ni Valve, àwọn tó ni Steam, ti mú Wine, tí wọ́n fi àwọn nǹkan míì kún un, wọ́n sì pè é ní Proton. Òun ni ẹ̀rọ géèmù wọn tí wọ́n ń pè ní Steam Deck fi ń ta àwọn géèmù Windows, bẹ́ẹ̀ Linux ló wà nínú ẹ̀.

Ṣé mo wá fi Wine sí i tán, géèmù ṣí? Rárá o. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Inú bí mi, mo ní Linux yìí, irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí n ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní terminal, kí n pe géèmù láti ibẹ̀. Ẹ wò ó, ohun tó ń ṣe é wà níbẹ̀ kedere! Ó ní wine32 kò sí, pé kí n lọ fi sí i, ó sì tún kọ àṣẹ tí mo máa tẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń pariwo mọ́ ẹ̀rọ tó ti ń dá mi lóhùn látọjọ́ yìí.

Mo ṣe bó ṣe wí, géèmù ṣí. Ṣùgbọ́n ó sọ gbogbo ojú kọ̀ǹpútà di ràgbàràgbà, àwọn àwòrán kó jọ sí igun kan. Mo wọ winecfg, mo rí ibi tí wọ́n ti lè ní kí Wine fi géèmù sínú fèrèsé tirẹ̀, mo fi ìwọ̀n ẹ̀ sí 1024 lọ́nà 768. Ó tò. Mo wá ta géèmù náà, wọ́n sì nà mí nínà burúkú. Ìyẹn ò dùn mí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí. Láti JSS1 la ti ń kọ sínú ìwé pé kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀rọ tó ń gba nǹkan wọlé, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, tó ń gbé èsì jáde. Mo mọ̀ ọ́n lórí bí orúkọ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń bá géèmù yẹn jìjàkadì ni mo tó mọ ohun tó wà láàárín èmi àti ẹ̀rọ, tí mo mọ̀ pé bí nǹkan bá bàjẹ́, kí n kọ́kọ́ ka ohun tó ń sọ kí n tó gbé e lọ fún ẹni tí ò mọ̀ ju mi lọ. N ò bú àwọn olùkọ́ wa o. Láàbù tí wọ́n tì pa, kí ni kí wọ́n fi kọ́ wa?

Mo mọ àwọn ohun tí wọ́n máa sọ. Àkọ́kọ́, wọ́n á ní àwọn ọmọ á kàn máa ta géèmù ni. Ẹ fi òfin sí i. Kí ó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ẹ̀kọ́ nìkan, kí ó sì jẹ́ ẹni tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ mú géèmù náà ṣiṣẹ́ ló máa ta á. Ẹ máa rí i pé àwọn tó máa ṣẹ́kù kò ní pọ̀.

Ìkejì, wọ́n á ní Windows ni wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, pé ìdánwò JAMB náà, orí kọ̀ǹpútà ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó mọ kíbọ́ọ̀dù àti máósì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Kíbọ́ọ̀dù kan náà ni. LibreOffice ń ṣí fáìlì Word àti Excel, ó sì ń kọ ọ́. Àwọn kan wà ní SS2 tí wọn ò tíì fọwọ́ kan máósì láti ìgbà tí wọ́n ti wọ SS1. Ṣé inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni kí wọ́n ti kọ́ ọ ni?

Ìkẹta, ẹ̀gbọ́n kan tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa sọ fún mi pé Wine kì í mú gbogbo nǹkan ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, n ò ní parọ́. Àwọn géèmù kan bíi Valorant kò gbà fún Linux rárá, nítorí ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ń mú àwọn tó ń ṣe àrékérekè. Àwọn ètò iṣẹ́ ńláńlá kan náà wà tí Wine máa ń kọsẹ̀ lórí wọn. Bí ilé ẹ̀kọ́ wa bá ní ètò kan tó jẹ́ dandan lórí Windows, ẹ jẹ́ kí a dán an wò ná. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ra kọ̀ǹpútà méjì péré fún ìyẹn. Méjì kì í ṣe 14.

Ẹ ṣàánú, ẹ ro ọ̀rọ̀ owó náà. Mo mọ ẹni méjì ní kíláàsì wa tí òbí wọn ṣì ń wá owó WAEC kiri. Bí owó kọ̀ǹpútà bá tún gun orí ẹ̀, kí ni wọ́n máa ṣe? Kọ́bọ̀ kan ni Linux ò ní gbà lọ́wọ́ wa. GB 3 ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fíláàṣì kan, ó ti tó gbogbo 14. A ò sì ní máa bẹ̀rù ayédèrú tó jẹ iṣẹ́ Màámi.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà méjì sọ́tọ̀ fún wa fún táàmù kan ṣoṣo. Kí olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa ṣe alábòójútó, kí ọmọ mẹ́rin láti SS1 àti SS2 ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Lópin táàmù, kí ẹ̀yin fúnra yín wá tẹ lẹ́tà kan lórí ẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ta gbogbo 14, èmi gan-an máa bá yín gbé wọn sínú mọ́tò. Bí ó bá ṣiṣẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn láàbù.

Fíláàṣì náà wà nínú báàgì mi. Màámi ló ní kí n máa mú un wá lójoojúmọ́, wọ́n ní bóyá wọ́n á béèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn.