Ta Ni Yóò Kọ́ Ọmọ Náà Bí A Ti Ń Rìn?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Bódìjà lóṣù méjì sẹ́yìn, ìyá kan láti Agbowó, tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì, dìde pé kí a bá òun dá owó. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan kò ríran. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá, síbẹ̀ kò tíì dá jáde kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wọn rí. Wọ́n ti sọ fún ìyá náà pé ọ̀pá kan wà tí ó ní ẹ̀rọ nínú, tí í máa fi ọ̀nà han aláìríran. Kíá ni owó ti ń bọ́ sínú abọ́. Èmi ni mo béèrè pé, "Ta ni yóò kọ́ ọ bí a ti ń lò ó?" Kò sí ẹni tí ó dáhùn, inú àwọn kan kò sì dùn sí mi.

Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Delhi, ní ilẹ̀ Íńdíà, gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n pè ní SmartCane. Ẹ̀rọ rẹ̀ a máa rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ síwájú. Bí ìró náà bá kọlu nǹkan, a padà wá, ọ̀pá a sì gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tí ó dì í mú. Ó wúlò fún ohun tí ó ga láti orúnkún dé orí, bí etí páànù ìsọ̀ tí ó yọ sójú ọ̀nà ní ọjà Bódìjà. Ṣùgbọ́n kòtò àgbàrá tí kò ní ìdérí ńkọ́? Ẹnu ọ̀pá ni yóò wá ìyẹn rí nílẹ̀, ọwọ́ tí a ti kọ́ ni yóò sì mọ ohun tí ẹnu ọ̀pá wí.

Ọgbọ́n ọwọ́ yìí ni Richard Hoover là sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1944 fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ogun sọ di afọ́jú. Ọ̀pá náà yóò gùn dé àyà ẹni tí ń lò ó. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ń lọ síwájú, ọ̀tún ni ẹnu ọ̀pá yóò kàn nílẹ̀. Bí ó bá kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, òsì ni. Báyìí ni ọ̀pá fi ń yẹ ilẹ̀ wò kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Ó rọrùn láti kà. Kò rọrùn láti ṣe nígbà tí ọ̀kadà ń fọn fèrè lẹ́yìn ẹni. Fóònù tí ń sọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ẹlẹ́pà gbé tábìlì rẹ̀ sójú ọ̀nà láàárọ̀ yìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ ìwé tọrọ owó, sí ẹgbẹ́ ni o, sí ìjọ tàbí sí ìjọba ìbílẹ̀, ẹ má kọ iye owó ẹ̀rọ nìkan. Ẹ kọ owó ọkọ̀ olùkọ́, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, iye oṣù tí yóò fi wá, àti owó àtúnṣe. (Ẹni tí ń fúnni lówó fẹ́ràn ohun tí a lè yà ní fọ́tò, ẹ ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa kí ó tó sanwó ohun tí kò ṣeé yà.) Olùkọ́ kò jìnnà. Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó dojú kọ Agbowó, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fún irú iṣẹ́ yìí; kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan sì wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1977 tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ojú alágbe wò yín, ẹ rán an létí pé láti ọdún 2019 ni òfin àpapọ̀ ti kà á léèwọ̀ láti fi àìlera ara rẹ́ ènìyàn jẹ.

Lẹ́yìn ìpàdé, Ìyá Ìbejì jẹ́wọ́ fún mi pé òun ṣì ń bu omi fún ọmọ náà mu. Mo ní kí ó jẹ́ kí ó máa bù ú fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí àga nípò nínú ilé láìsọ fún un.

Ọ̀pá funfun lásán ni ẹgbẹ́ kọ́kọ́ rà, a sì ya owó olùkọ́ sọ́tọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀rọ yóò tẹ̀lé e bí olùkọ́ bá ní ó tó àkókò. Ní Sátidé tí ó kọjá, ọmọ náà dá rìn dé ẹnu géètì. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò pè é padà.