Èébì Ọmọ Tí Àgbo Kò Lè Wò

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ń bá wa tọ́jú ọmọ ní Ṣakí, Ìṣẹ́yìn àti gbogbo Òkè-Ògùn, òótọ́ ni pé ọmọ ọwọ́ máa ń pọ ọmú. Ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọ àpòlúkù rẹ̀ kò tíì lágbára, nítorí náà wàrà a máa padà sókè. Bí ọmọ bá ń sanra, tí ó sì ń ṣeré, ẹ má fòyà. Ẹ gbé e sí èjìká lẹ́yìn ọmú kí ó gùfẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ti pé ọdún kan tàbí ọdún kan àbọ̀.

Ṣùgbọ́n èébì mìíràn wà. A bí àwọn ọmọ díẹ̀ pẹ̀lú àléébù: àpòlúkù ẹlòmíràn kéré jù, ti ẹlòmíràn sì gòkè wọ inú àyà. Lára àwọn mìíràn, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn ìbí, iṣan ìsàlẹ̀ àpòlúkù a ki, a sì dí ọ̀nà mọ́ oúnjẹ. Àgbo kò lè tún èyí ṣe. Bí a bá ń rọ ọmọ, omi lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ti wà fún un tipẹ́. Conrad Ramstedt, ará Jámánì, ṣàlàyé ní 1912 bí a ṣe ń la iṣan tó ki náà. Ní 1956, Rudolf Nissen gbé òmíràn jáde: a fi apá òkè àpòlúkù wé ìdí ọ̀nà ọ̀fun bí ẹni wé gèlè, kí oúnjẹ má padà sókè. Bí àpòlúkù bá kéré jù láti wé, oníṣẹ́ abẹ lè fi ìfun ṣe àpò kún un. Fún oúnjẹ tó ń padà sókè, abẹ kọ́ ni dókítà kọ́kọ́ ń lò. Abẹ ló kẹ́yìn.

Lójú tèmi, ìdádúró léwu ju abẹ lọ. A ń retí bàbá láti oko, a ní eyín ni, a ní ayé ni, omi ara ọmọ sì ń tán lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ̀yin bàbá, ẹ fún ìyá ọmọ láṣẹ kí ẹ tó lọ sóko.

Bí ọmọ bá ń bì tagbáratagbára lẹ́yìn ọmú, bí èébì bá ní ẹ̀jẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé, bí àwùjẹ̀ bá jìn, bí ìtọ̀ bá dín kù, tàbí bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá gòkè, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá kọ ìwé fún yín láti lọ sí UCH ní Ìbàdàn, ẹ má fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ọ̀nà jìn, owó sì ṣòro. Ṣùgbọ́n ẹbí tó kówó jọ láti sọ ọmọ lórúkọ lè kó o jọ kí ọmọ náà lè dàgbà jẹ́ orúkọ náà.