Pọ́ọ̀nù Olorì Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ẹni tó bá ti pọ́ọ̀nù olorì síwájú níbẹ̀rẹ̀ ṣẹ́ẹ̀sì ń sá fún ìjà ni, pé ọ̀mì ló ń wá. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ wo eré kẹfà tí Bobby Fischer ará Amẹ́ríkà àti Boris Spassky ará Soviet ta ní Reykjavik lọ́dún 1972, nígbà tí wọ́n ń du ipò ọ̀gá àgbáyé. Pọ́ọ̀nù ọba ni Fischer fẹ́ràn látìgbà èwe, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, c4 ló fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì máa di ìgbésẹ̀ kẹta, ó ti ti pọ́ọ̀nù olorì sí d4. Bí wọ́n ṣe bọ́ sínú ìbẹ̀rẹ̀ eré tí wọ́n ń pè ní Gáḿbíìtì Olorì nìyẹn. Kò sí ariwo kankan níbẹ̀rẹ̀. Ńṣe ni Fischer rọra ń kó ọmọ ogun rẹ̀ ti pọ́ọ̀nù méjì tí Spassky ní láàárín pátákó, ní c5 àti d5. Ní ìgbésẹ̀ ogún, ó ti pọ́ọ̀nù ọba dé e4. Spassky yẹ̀ ẹ́, ó ti tirẹ̀ láti d5 lọ sí d4, àṣé ó ti ṣílẹ̀kùn c4 fún ọ̀tá. Bíṣọ́ọ̀bù funfun gúnlẹ̀ síbẹ̀, kò sì sí pọ́ọ̀nù dúdú kan ṣoṣo tó lè lé e kúrò mọ́. Nígbà tí Fischer fi rúùkù gba ẹṣin ní f6 ní ìgbésẹ̀ 38, ibi ìsádi ọba dúdú ti fọ́ tán. Ní ìgbésẹ̀ 41, Spassky túúbá, òun náà sì bá àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó nà án.

Wọ́n á ní ti Buenos Aires ọdún 1927 ńkọ́, níbi tí Capablanca ará Kúbà àti Alekhine ti du ipò ọ̀gá àgbáyé nínú eré 34, tí 25 nínú rẹ̀ já sí ọ̀mì, tó sì jẹ́ pé Gáḿbíìtì Olorì ni 32? Òótọ́ ni, ó sì máa ń sú èèyàn láti kà á tán. Ṣùgbọ́n Alekhine kò tíì na Capablanca rí kó tó dìgbà náà, inú Gáḿbíìtì Olorì yìí kan náà ló sì ti rí márùn-ún nínú ìṣẹ́gun mẹ́fà tó fi gbadé. Àwọn mìíràn á ní àṣìṣe Spassky ló gbé eré Reykjavik ga, pé ká ní ó gbé olorì rẹ̀ lọ sí b7 ní ìgbésẹ̀ 14 ni, ọwọ́ ì bá má tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí tèmi gan-an sì nìyẹn. Lọ́dún 1973, ní Hilversum, Efim Geller gbé olorì sí b7 yìí níwájú Timman, dúdú ló sì borí: kì í ṣe ọ̀mì, ìjà ló wà níbẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.